Crossword Aláìlákòrí: Ohun Tó Mú Un Le àti Ohun Tó Mú Un Dùn

Crossword ni eré orí ìwé tí a ti ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, tí àwọn ọ̀rọ̀ sì ń gba ara wọn kọjá ní ìbú àti ní òòró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó máa ń tú crossword inú ìwé ìròyìn tán kí tíì wọn tó tutù ni ó ti bá irú rẹ̀ kan pàdé, tí wọ́n tẹjú mọ́ ọn fún bí ìdajì wákàtí, tí wọn kò rí ju ọ̀rọ̀ méjì kọ sí i, tí wọ́n sì pa á tì pẹ̀lú èrò pé ìwé tí àwọn kà kò tó. Irú èyí ni crossword tí kò ní àkòrí, tí mo máa pè ní aláìlákòrí nínú àlàyé yìí. Èrò pé ìwé kíkà ló kù díẹ̀ káàtó yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Nínú gbogbo ìdáhùn tó ti dá mi dúró láti ìgbà tí mo ti ń bá eré yìí yí, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kàn wọ ẹ̀wù ẹlòmíràn fún kí n má baà dá a mọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo èyí tó ní àkòrí. Nínú crossword alákòrí, ẹni tó hun ún yóò yan ìdáhùn gígùn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún tí okùn kan náà so pọ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ẹranko fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ẹ̀yà ara ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí méjì nínú wọn, tí ẹ sì mọ okùn tó so wọ́n, ẹ ti lè fojú inú rí ìyókù kí ẹ tó ka olobó wọn rárá. Olobó ni mo ń pe gbólóhùn kúkúrú tó ń júwe ìdáhùn, nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń ta ènìyàn lólobó, ṣùgbọ́n kì í tú gbogbo àṣírí. Nínú aláìlákòrí, kò sí okùn kankan. Ìdáhùn gígùn tó wà lókè lè jẹ́ orúkọ oúnjẹ, kí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ gbólóhùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ lẹ́nu, kí ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ orúkọ àrùn. Kò sí èyí tó mọ èkejì rí, àfi pé wọ́n jọ gba oríta kan náà kọjá. Ìrànlọ́wọ́ tí àkòrí ń ṣe fún ènìyàn ti lọ, ohun tó sì kù ni ọ̀rọ̀, olobó rẹ̀, àti lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ ìbú àti ọ̀rọ̀ òòró jọ ń lò.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ ìlú Liverpool tó ṣí lọ sí ibẹ̀, ló ṣe èyí tí a kà sí àkọ́kọ́, tí ìwé ìròyìn New York World gbé jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Word-Cross ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n tó yí orúkọ náà po. Ìwé ìròyìn The New York Times, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ crossword lónìí, fojú tín-ín-rín eré náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti kan Amẹ́ríkà lára, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé tirẹ̀ jáde, Margaret Farrar sì ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1950 ni ó di ti ojoojúmọ́.

Nínú ìwé ìròyìn yìí, ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni a fi ń mọ bí crossword ṣe le tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ti ọjọ́ Ajé ló rọrùn jù, ìnira náà a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ti ọjọ́ Àìkú fẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé àpótí 21 ni ó ní ní ìbú àti 21 ní òòró, nígbà tí ti àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ 15 sí 15. Nítorí bí ó ṣe fẹ̀ yìí, àwọn tó ń wò ó láti òkèèrè gbà pé òun ni baba gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ Àìkú ní àkòrí, ìnira rẹ̀ kò sì ju ti àárín ọ̀sẹ̀ lọ, àkókò tó ń gbà nìkan ló pọ̀. Ti ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni aláìlákòrí, ti Àbámẹ́ta sì ni ó ń fọ́ ènìyàn lórí. Bákan náà ni crossword ọjọ́ Àbámẹ́ta ti Los Angeles Times kì í ní àkòrí. Ìwé ìròyìn Newsday ní èyí tí wọ́n ń pè ní Saturday Stumper, tí àwọn tó ti gbó nínú eré náà pàápàá máa ń fọ̀wọ̀ wọ̀. The New Yorker náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2018.

Òfin tí wọ́n fi ń hun ojú pátákó eré náà ṣe pàtàkì, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìnira àti adùn ti jọ ń wá. Ojú pátákó oní-15-sí-15 ní àpótí 225, dúdú àti funfun. Bí ẹ bá dojú ìwé náà dé, kí òkè di ìsàlẹ̀, bí àwọn àpótí dúdú ṣe tò kò ní yí padà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ kéré ju lẹ́tà mẹ́ta lọ. Èyí tó sì wúlò jù fún ẹni tó ń tú u ni pé kò sí lẹ́tà kan tó dá wà: gbogbo lẹ́tà ló wà ní oríta, tí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìbú kan àti ti ọ̀rọ̀ òòró kan. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí báyìí, nítorí pé nínú tiwọn, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nínú èyí tó ní àkòrí, The New York Times gbà kí ọ̀rọ̀ pọ̀ tó 78 lójú pátákó ojoojúmọ́. Nínú aláìlákòrí, kò gbọ́dọ̀ ju 72 lọ. Ẹ lè rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe dín kù ni iṣẹ́ yóò ṣe fúyẹ́, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni. Àpótí 225 náà kò dín. Bí ọ̀rọ̀ tó kún inú wọn bá dín, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn sí i, àpótí dúdú tó ń pààlà yóò sì dín pẹ̀lú. Ibi tí ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta bíi mélòó kan tí ẹ lè fi ta ẹsẹ̀ sínú ìgun kan lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mẹ́ta lórí ara wọn, bí ìgbà tí a bá to ẹní jọ. Nígbà mìíràn, ìdáhùn tó gba gbogbo àpótí 15 kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa tò léra wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà wọ inú ìgun náà, ìta ni yóò máa wà.

Àmọ́ ti ojú pátákó nìyẹn. Olobó gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́, nítorí pé ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò nídìí rẹ̀ bí ó ṣe lè rò. Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀. Wọ́n ní, òrúkú tindí tindí, òrúkú tìndì tìndì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ọmọdé tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò máa wá ìyá kan tó bí ọmọ púpọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ilé olórogún, yóò lọ sọ́dọ̀ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀wà ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀wà tí ó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ojú dúdú wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Awẹ́ obì kan, à jẹ dỌ́yọ̀ọ́: ẹni tó bá ń ronú nípa obì yóò pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ahọ́n ni ìdáhùn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ ẹ̀wà, kò sì sí ẹni tí kò ní ahọ́n. Ohun tó mú àlọ́ náà le ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti darí ojú wa sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò purọ́. Bí wọ́n bá sọ ìdáhùn náà tán, a óò rí i pé ohun gbogbo tí wọ́n sọ ló bá a mu, a óò sì rẹ́rìn-ín. Olobó ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ díẹ̀ tí àwọn tó ń tú crossword Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ bí ẹni mowó. Bí olobó bá jẹ́ "Flower", tí àpótí sì jẹ́ mẹ́rin, gbogbo ènìyàn ni yóò máa wá òdòdó. Ṣùgbọ́n ẹ kà á bí èyí tó ti inú ọ̀rọ̀ ìṣe "flow" wá, ohun tó ń ṣàn: odò ni, ìdáhùn rẹ̀ sì lè jẹ́ NILE. "Number" kò fi dandan jẹ́ nọ́ńbà. Láti inú "numb", ohun tó ń mú ara kú tìpìrì náà ni, ìyẹn ETHER, oògùn tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ fi ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ọgbọ́n mìíràn wà nínú lẹ́tà ńlá. Nítorí pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo olobó fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ tàbí kò jẹ́ orúkọ. "Nice" tó bẹ̀rẹ̀ olobó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí dáadáa, ó sì lè jẹ́ ìlú kan ní etíkun ilẹ̀ Faransé. Bí olobó bá sọ̀rọ̀ nípa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, ETE ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ti bọ́ àmì orí rẹ̀ kúrò.

Bí olobó ṣe ń tan ènìyàn tó yìí, ó ní òfin tí kò gbọ́dọ̀ rú, àwọn òfin wọ̀nyí sì ni ohun ìjà wa. Olobó àti ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè rọ́pò ara wọn nínú gbólóhùn kan náà. Bí olobó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ti kọjá, ìdáhùn náà ti kọjá, ó sì ṣeé ṣe kí ED gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí olobó bá ń sọ nípa ohun tó ju ẹyọ kan lọ, S ló máa ń wà ní ìparí, ẹ sì lè fi lẹ́ẹ̀dì kọ S náà fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó mọ ọ̀rọ̀ rárá. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ kan kúrú nínú olobó, gígé kúrú ni ìdáhùn pẹ̀lú. Bí orúkọ ìlú tàbí ènìyàn ilẹ̀ òkèèrè bá wọ inú olobó láìnídìí, ẹ máa retí èdè ibẹ̀. Bí olobó bá wà láàárín àmì àyọlò, ohun tí ènìyàn ń fẹnu sọ ni ìdáhùn yóò jẹ́. Àmì ìbéèrè lẹ́yìn olobó ń kìlọ̀ pé eré ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má gbà á bí ó ti rí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, olóòtú tó bá fẹ́ kí ojú wa rí nǹkan lè yọ àmì ìkìlọ̀ yẹn kúrò, kò sì tíì rú òfin.

Mo ti hun ìgun kékeré kan, àpótí mẹ́rin sí mẹ́rin, kí a lè jọ rìn ín. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo máa fi sọ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn olobó. Ní ìbú, olobó kìíní sọ pé: olórin obìnrin tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Èkejì: a ń gbọ́ ọ ní kóòtù. Ẹ̀kẹta: kì í ṣe. Ẹ̀kẹrin: ẹrù ọmọdé. Ní òòró, olobó kìíní sọ pé: ó ń yí lórí iná. Èkejì: pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta: ṣe bíi Pétérù kí àkùkọ tó kọ. Ẹ̀kẹrin ni mo fi sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀tàn inú rẹ̀: "Puts away".

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé kóòtù ni ọkàn yín kọ́kọ́ lọ, tí ẹ sì kọ OATH síbẹ̀ kíá, nítorí pé ìbúra bá kóòtù mu. Lẹ́yìn náà ni ẹ rántí Sade Adu, ẹ sì kọ SADE sí ìlà àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òòró ẹ̀kẹta ti di èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D àti T. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, SADE sì dá yín lójú ju OATH lọ. Ẹ pa OATH rẹ́. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, DENY ni, D rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ dè é. DENY ti wá fi E sí àárín ọ̀rọ̀ kóòtù, ó sì fi Y sí ọ̀rọ̀ ẹrù ọmọdé. Ohun ìṣeré ni ẹrù ọmọdé, TOYS. Ọ̀rọ̀ kóòtù tí E jẹ́ lẹ́tà rẹ̀ kẹta ni PLEA, ohun tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Ẹ wo òòró kìíní báyìí: S, P, àpótí kan tó ṣófo, T. Ó lè jẹ́ SPOT, ó lè jẹ́ SPAT, ṣùgbọ́n èyí tó ń yí lórí iná ni SPIT. Ọ̀pọ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ itọ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tí wọ́n ń fi gún odidi ẹran, tí wọ́n ń yí lórí ẹyín iná, ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní òòró ẹ̀kẹrin, E àti A wà lókè, S wà nísàlẹ̀, S yẹn sì bá olobó mu nítorí pé S wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe inú olobó náà. Ẹni tó bá ka "Puts away" yóò kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tó ń kó ẹrù pamọ́ sínú àpótí. Ṣùgbọ́n a tún ń sọ ọ́ nípa ẹni tó jẹ àwo oúnjẹ ńlá tán láìṣẹ́ kù: EATS. Ìlà kẹta ti wá di I, àpótí kan, N, T. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù lójú gbogbo pátákó, S sì ni nínú ALSO. Ẹni tí kò mọ̀ pé crossword kì í ka àmì ìgékúrú ọ̀rọ̀ sí yóò máa wo ISNT bí ẹni tó rí iwin. "Isn't" lásán ni, kì í ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ wọ̀nyí, orúkọ kan péré ló béèrè ìmọ̀. Ìyókù, gbogbo wa ló mọ̀ wọ́n. Ohun tí a ṣe kò ju pé a fura sí ohun tí a kọ́kọ́ rò, a sì jẹ́ kí oríta ṣe ìdájọ́.

Bí ènìyàn bá wá dé iwájú odidi èyí tó ní ọ̀rọ̀ 72, ọ̀nà náà kò yí padà, sùúrù ló pọ̀ sí i. Ẹ ka gbogbo olobó láti orí dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró, kí ẹ kọ èyí tó dá yín lójú nìkan. Àwọn olobó tó fi àlàfo sílẹ̀ nínú gbólóhùn ló máa ń rọrùn jù nínú wọn. Ní ìrìn àkọ́kọ́ yìí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ẹ máa rí, kò sì yẹ kí èyí bà yín nínú jẹ́. Bó ṣe ń rí fún èmi náà nìyẹn. Ìgun tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ méjì tó gba ara wọn kọjá ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ máa ti ibẹ̀ fẹ̀ jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró gbagidi, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. N kò mọ ohun tí orí ń ṣe sí i lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n àìmọye ìgbà ni mo ti sùn lé olobó kan tó ti dí mi lọ́nà, tí mo sì rí ìdáhùn rẹ̀ kí n tó fọ ojú ní òwúrọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rọ̀ mọ́ ti jábọ́ lọ́wọ́ mi lójú oorun.

Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú eré yìí tí n kò rí kí àwọn òyìnbó sọ. Ẹni tó ń hun crossword Gẹ̀ẹ́sì nílò ọ̀rọ̀ kéékèèké tí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ń tẹ̀lé ara wọn nínú wọn, nítorí pé irú wọn ló rọrùn láti fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àwọn kan náà ni wọ́n ń lò ní àlòtúnlò: ORE, ODE, IRE, ALE, ADO, OLE, ERE. Ẹ tún wọn kà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn bí ẹ bá fi àmì sí wọn lórí àti nísàlẹ̀: ọ̀rẹ́, ọdẹ, ire, alẹ́, àdó, olè, eré. Ó wá lè fa ìṣòro tirẹ̀ fún wa, nítorí pé IRE lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìbínú, ó sì máa ń gba ọkàn mi ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó gbà láti pe ìbínú ní ire. OBI nínú crossword kì í ṣe obì, ọ̀já tí àwọn ará Japan ń dì mọ́ kimono ni. EDO kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí Benin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ kí ó tó di ọdún 1868 ni.

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí àìmọ̀ ti ń dá wa dúró lóòótọ́. Crossword tí wọ́n hun ní New York kún fún orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò gbé dé ọ̀dọ̀ wa, àti àmúlò ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ kò lè mọ̀. Olóòtú tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí orúkọ méjì bẹ́ẹ̀ gba ara wọn kọjá, nítorí pé oríta tí ó yẹ kó gbani sílẹ̀ ti di pàkúté nìyẹn. Èyí ṣẹlẹ̀ nínú The New York Times ní ọdún 2008, nígbà tí NATICK, ìlú kékeré kan ní Massachusetts tí àwọn tó ń sáré ìje Boston ń gbà kọjá, pàdé NCWYETH, orúkọ ayàwòrán kan, ní orí lẹ́tà N. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá kò mọ̀ ọ́n, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń pe irú oríta burúkú bẹ́ẹ̀ ní Natick. Ní irú ibẹ̀, mo máa ń wo ìwé tàbí íntánẹ́ẹ̀tì láìtijú. Àwọn kan ka èyí sí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n ta ni a ń rẹ́ jẹ nígbà tí ènìyàn ń dá ṣeré lórí ibùsùn rẹ̀? Ohun tí mo kà sí àdánù ni kí a wo ìdáhùn olobó tó jẹ́ ẹ̀tàn, nítorí pé ìṣẹ́jú tí ẹ̀tàn náà bá tú lójú ènìyàn gan-an ni owó tí a san fún eré náà, a kò sì lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ti bi mí rí bóyá a lè hun irú rẹ̀ lédè Yorùbá. Bí a bá ní kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gba àpótí kan, kí gbogbo wọn sì wà ní oríta bíi ti Amẹ́ríkà, yóò nira gan-an, nítorí bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Bí ìlà kan bá jẹ́ fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì, bíi adé, ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, èdè wa kì í sì fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Àwọn ará Japan, tí èdè tiwọn náà fẹ́ràn fáwẹ̀lì ní ìparí, yanjú èyí nípa fífi sílébù kan sínú àpótí kan, mo sì gbà pé ọ̀nà tiwa náà nìyẹn. Ó tún gbà wá lọ́wọ́ àríyànjiyàn bóyá GB jẹ́ àpótí kan tàbí méjì. Ti àmì ohùn ńkọ́? Ní tèmi, kí á bọ́ wọn kúrò nínú àpótí, bí wọ́n ṣe bọ́ ti Faransé àti ti Sípéènì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó gbọ́ èdè Sípéènì kò yé ráhùn nípa ANO, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọdún nígbà tí àmì wà lórí N rẹ̀, ṣùgbọ́n tó di ihò ìdí nígbà tí àmì náà bá lọ. Fún ẹni tó ń hun olobó Yorùbá, bíbọ́ àmì yìí jẹ́ ọrọ̀: OKO kan ṣoṣo lè jẹ́ ibi tí a ti ń ro iṣu, ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ohun tí a wọ̀ lọ sí Èkó, ó sì lè jẹ́ ohun tí a fi ro iṣu náà.

Ẹ gbìyànjú èyí wò, àpótí mẹ́rin péré, méjì lórí méjì, sílébù kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí àmì. Ìbú òkè: ó gun orí ọba, ọba kò bínú. Ìbú ìsàlẹ̀: àlejò ń fẹ́ ẹ, olùdíje nínú ìdìbò náà ń fẹ́ ẹ. Òòró àkọ́kọ́: ọ̀gbẹ̀rì kò mọ̀ ọ́n. Òòró kejì: ohun tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ń gbàdúrà pé kí òun ṣe.